Sìlíńdà Tí Wọ́n Fi Ọ̀rá Wé

Wọ́n ti gbé òkú Abísọ́lá lọ kí Ìnsípẹ́kítọ̀ Ṣọládé tó dé Ìjòkò. Ohun tó kù nílẹ̀ ni ògiri kíṣínì tó wó sí ẹ̀yìnkùlé, páànù kan tó fò lọ há sórí igi àgbálùmọ̀ aládùúgbò, àti òórùn kan tí kò jẹ́ kí ẹnikẹ́ni jẹun àárọ̀ lójúlé náà.

Lẹ́nu ọ̀nà, ìyá àgbàlagbà kan jókòó sílẹ̀ẹ́lẹ̀, ó na ẹsẹ̀ méjèèjì, kò sí gèlè lórí rẹ̀. Ìyá Dámiláre ni, ìyá ọkọ olóògbé. Torí pé Abísọ́lá lóyún ló ṣe wá láti Ìsẹ́yìn, kó lè bá wọn wẹ ọmọ nígbà tó bá dé. Ọ̀rọ̀ kan náà ló ń sọ látìgbà tí wọ́n ti pa iná: "Èmi ni mo pa á. Ẹ má wá ẹlòmíì, èmi ni."

Kò sì sẹ́ni tó já a nírọ́. Ohun tí gbogbo àdúgbò gbà ni pé Màmá se omi àgbo lálẹ́, kò pa sítóòfù dáadáa, gáàsì wá ń tú jáde sínú kíṣínì títí ilẹ̀ fi mọ́. Nígbà tí Abísọ́lá wọlé kó lè gbé omi ìwẹ̀ kaná fún ọkọ rẹ̀ tó ń lọ síbi iṣẹ́, ó ṣáná, ó parí. Àwọn ọlọ́pàá tésàn ti pe ọ̀rọ̀ náà ní jàǹbá, wọ́n ti fẹ́ ká a kúrò nílẹ̀.

Ṣọládé náà ọlọ́pàá ni, ṣùgbọ́n tábìlì rẹ̀ kò sí ní tésàn. Wọ́n ti yá a fún ọ́fíìsì ìjọba ìpínlẹ̀ tó ń gbèjà oníbàárà lọ́wọ́ ọlọ́jà ẹlẹ́tàn, yàrá méjì lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì kan ní Ọ̀tà tí fáànù ibẹ̀ gan-an kò fẹ́ atẹ́gùn gidi. Bí o bá ra ẹ̀rọ ìlọta tí wọ́n pè ní tuntun tó sì jẹ́ àlòkù, ibẹ̀ lo máa gbé ẹjọ́ lọ. Wọn á ránṣẹ́ pe ọlọ́jà. Bó bá pààrọ̀ rẹ̀, ó tán. Bó bá ṣorí kunkun, wọn á ti ṣọ́ọ̀bù rẹ̀ pa. Bí ọjà náà bá ṣe èèyàn léṣe, ó di ti Ṣọládé. Bí ìjọba ṣe là á sílẹ̀ nìyẹn. Lójú ayé ńkọ́? Kí ọlọ́jà tó dé ọ́fíìsì, ó ti kó àwọn bàbá arúgbó síwájú, wọ́n ti lọ bẹ ẹni tó rẹ́ jẹ nílé, ẹni náà á ní òun ti fi í fún Ọlọ́run, òun ò ṣe mọ́. Kí ọ̀sẹ̀ tó yí po, ẹ̀rọ kan náà á ti padà sórí àtẹ. "Ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é" yìí ti pa ẹjọ́ mọ́ Ṣọládé lọ́wọ́ ju rìbá lọ, ó sì ti pẹ́ tí inú rẹ̀ ti korò sí i.

Àdéhùn kan ṣoṣo ló rí gbà lọ́wọ́ àwọn tésàn: bí ohun tí èèyàn fi owó ara rẹ̀ rà bá pa á, kí wọ́n pe òun kí wọ́n tó pa fáìlì dé. Ohun tó gbé e dé Ìjòkò láàárọ̀ yẹn nìyẹn.

"Níbo ni sìlíńdà náà wà?" ló béèrè.

Ó ti fò jáde bá inú kòtò ìdọ̀tí lẹ́yìn ilé. Orí rẹ̀ ti yọ́ pọ̀, kò sẹ́ni tó lè sọ bóyá wọ́n pa á tàbí wọn ò pa á. Ṣọládé yí i padà. Ìdí rẹ̀ ló ti ya. Ó fi kọ́kọ́rọ́ ọwọ́ rẹ̀ ha á: ọ̀dà pupa wà lókè, ọ̀dà búlúù wà lábẹ́ rẹ̀, ìpẹtà ló sì kù lábẹ́ búlúù, ó fẹ́lẹ́ bí ìpẹ́ ẹja. Ẹnì kan ti jó irin mọ́ ibi tó ti jẹ, ó sì fi pọ́tì tí àwọn panẹ́lì-bítà fi ń dí ara mọ́tò bò ó, kó lè máa dán. Ọ̀rá tó ti yọ́ ṣì lẹ̀ mọ́ ọn lẹ́gbẹ̀ẹ́.

Ó lọ bá Dámiláre, ọkọ olóògbé, tó jókòó sórí búlọ́ọ̀kù kan níbi tó jìnnà sí ìyá rẹ̀.

"Ta ló ta sìlíńdà yẹn fún yín?"

"Ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibi iṣẹ́ wa ló pín in níparí ọdún, ma. Tuntun ni. Nínú ọ̀rá ló wà."

"Ẹ wo ìdí rẹ̀?"

"Ìdí rẹ̀ kẹ̀, ma? Tuntun ni mo ní."

Ṣọládé padà sọ́dọ̀ ìyá, ó bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀ níwájú rẹ̀. "Màmá, ẹ pa sítóòfù yẹn àbí ẹ ò pa á?"

"Mo rò pé mo pa á, ọmọ mi. Mo tiẹ̀ rí i lójú mi pé mo pa á. Ṣùgbọ́n Afọlábí ní bí mo bá pa á, kí ló dé tó fi gbiná? Ọmọ náà kàwé. Ó ní kí n má wulẹ̀ dá ara mi lóró, pé ìgbàgbé àgbà ni, kì í ṣe ẹ̀ṣẹ̀."

Afọlábí ni ọkùnrin tó dúró lẹ́yìn rẹ̀, tó di ìgò omi mú, tó ń fún un mu díẹ̀díẹ̀. Ọmọ àbúrò Màmá tó ti kú ni. Màmá ló tọ́ ọ dàgbà pẹ̀lú Dámiláre, abọ́ kan náà ni wọ́n fi ń jẹun. Òun náà ló mú Dámiláre wọ ilé iṣẹ́ tí wọ́n ti ń ṣe oníke ní Ṣàngó, òun sì ni akọ̀wé ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù ibẹ̀.

"Màdáàmù," ó sọ ọ́ ní ohùn jẹ́jẹ́, "ẹ jọ̀ọ́, ẹ má da ìyá arúgbó láàmú. Mo ti wá mọ́tò tó máa gbé wọn padà sí Ìsẹ́yìn lọ́tùúnla. Inú ń bí àwọn ẹbí ìyàwó, mi ò fẹ́ kí wọ́n ṣe wọ́n léṣe."

"Kí wọ́n máa lọ," ni Dámiláre sọ láti orí búlọ́ọ̀kù, kò gbójú sókè. "Bí mo bá ti rí ọwọ́ Màmá, ara sítóòfù ni mò ń rí i."

Ìyá gbọ́ ọ. Ó kó ọwọ́ méjèèjì sábẹ́ ìró.

Ọkàn Ṣọládé gbọgbẹ́. Ó mọ ìlú. Bí ìyá yìí bá fi lè bá mọ́tò yẹn lọ pẹ̀lú ẹ̀bi yìí lọ́rùn, orúkọ tí wọ́n máa fi sin ín ni ìyá ọkọ tó dáná sun ìyàwó ọmọ rẹ̀. Ọ̀túnla ló kù. Ó wọ mọ́tò rẹ̀.

Ìkòríta ló kọ́kọ́ yà sí, lọ́dọ̀ Joy, ọmọ Ùròbò tó ń rọ gáàsì fún gbogbo àdúgbò. Kí Ṣọládé tó la ẹnu, Joy ti gbé ọwọ́ lérí.

"Madam, I swear, no be my gas o! Òótọ́ ni, èmi ni mo bá a rọ ọ́, mi ò ní purọ́. Àmọ́ mi ò rọ ọ́ jù."

"Ta ló bá ẹ wí? O wo ìdí sìlíńdà náà kí o tó rọ ọ́?"

"Báwo ni mo ṣe fẹ́ wò ó? Gbogbo àwọn tó wá lọ́sẹ̀ yẹn, sìlíńdà pupa kan náà ni wọ́n gbé wá, ọ̀rá wà lára gbogbo ẹ̀. Mo ní kí n ya ti ìsàlẹ̀ wò. Àǹtí Abísọ́lá ní, 'Joy, no tear am o!' Wọ́n ní àwọn fẹ́ kó ṣì máa dán títí àwọn á fi bímọ. Wọ́n ń rẹ́rìn-ín, madam. Wọ́n máa ń rẹ́rìn-ín ṣáá." Joy fi ẹ̀yìn ọwọ́ nu ojú.

Ẹ má bá òkú wí o. Ta ni nínú wa tí rímóòtù tẹlifíṣọ̀n rẹ̀ kò sí nínú ọ̀rá? Fíríìjì tí a ti ń lò tipẹ́ ńkọ́, ṣé a ti ya ọ̀rá ara rẹ̀? A ra àga, a ò jẹ́ kí ìdí wa kàn án. A fẹ́ kí àlejò wọlé kó mọ̀ pé tuntun ni. Àwọn ẹlẹ́tàn ti wò wá, wọ́n ti mọ̀ wá, wọ́n mọ̀ pé bí wọ́n bá ti fi ọ̀rá wé ìpẹtà, a máa bá wọn ṣọ́ ọ. Abísọ́lá ò ṣe ju bí gbogbo wa ṣe ń ṣe lọ.

Láti Ìjòkò, Ṣọládé gba Ṣàngó lọ, lọ́dọ̀ Alájì Waliyullah tó ń ta sìlíńdà àti sítóòfù lẹ́bàá títì márosẹ̀. Wọ́n mọ ara wọn. Alájì ti wá sí ọ́fíìsì rí lórí ọ̀rọ̀ ẹ̀rọ ìlọta àlòkù, àwọn àgbà ló bẹ̀bẹ̀ tí wọ́n fi tú u sílẹ̀.

"Àsàláámù aleíkúmù, Màdáàmù. Ẹ̀yin àti èmi náà tún ni?"

"Ẹ̀yin lẹ ta sìlíńdà fún ẹgbẹ́ alájẹṣẹ́kù àwọn oníke?"

"Èmi ni. Tuntun, láti inú páálí. Mo kó o sínú ọkọ̀ wọn lójú ara mi."

"Ọ̀kan nínú wọn ti pa aboyún. Àlòkù tí wọ́n kùn ni."

Alájì dìde lórí àga. "Innaa lillaahi!" Ó tún jókòó. "Màdáàmù, mo ti ta àlòkù rí, ẹ̀yin náà mọ̀, irọ́ ò sí níbẹ̀. Ṣùgbọ́n gáàsì? Èmi tí mo bí ọmọ! Mi ò jẹ́ fi gáàsì ṣeré."

"Gbogbo olè ló ń búra, Alájì."

"Ẹ bú mi, ó tọ́ sí mi. Àmọ́ ẹ gbọ́ eléyìí kí ẹ tó máa lọ: kòkòrò tó ń jẹ̀fọ́, ìdí ẹ̀fọ́ ló wà. Mo ta ọjà mi, mo jókòó sí ṣọ́ọ̀bù mi. Ẹ lọ béèrè ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ kúrò níbí."

Ṣọládé ò gbà á gbọ́, kò sì já a nírọ́. Ọ̀rọ̀ olè àná kì í rọrùn láti gbà gbọ́ lónìí. Ṣùgbọ́n ó wo gbogbo sìlíńdà tó wà ní ṣọ́ọ̀bù náà nídìí, lọ́kọ̀ọ̀kan, kò rí ìpẹtà kankan.

Lọ́jọ́ kejì, ó fi ẹsẹ̀ rìn káàkiri àwọn ilé tí àwọn òṣìṣẹ́ oníke ń gbé ní Ìjòkò. Ohun tó rí níbẹ̀ múnú bí i, ó sì mú un ronú. Sìlíńdà pupa wà lábẹ́ igi máńgòrò. Sìlíńdà pupa wà lẹ́yìn géètì, lẹ́bàá kòtò, lórí àpáta, wọ́n tiẹ̀ fi okùn so ọ̀kan mọ́ òpó iná lójú títì. Èédú ni wọ́n ń kó sí ààrò, èéfín ń ta wọ́n lójú.

"Kí ló dé tí ẹ gbé e síta?" ló bi obìnrin kan tó ń fẹ́ iná.

"Ẹ̀rù ń bà wá ni, ma. Tiwa àti ti Abísọ́lá, ọjọ́ kan náà ni wọ́n pín in."

"Àbí ẹ̀yin lẹ ní Màmá ló gbàgbé sítóòfù?"

Obìnrin náà gbójú sẹ́gbẹ̀ẹ́ kan. "Bẹ́ẹ̀ náà ni wọ́n ní, ma."

Ẹ ò rí ayé? Ẹnu wọn ń dá ìyá arúgbó lẹ́bi, ọwọ́ wọn ń gbé sìlíńdà jáde nílé. Wọ́n mọ̀, wọn ò kàn fẹ́ jà. Ṣọládé pòṣé, ó kọjá lọ sí Ojú Ọrẹ, nílé Afọlábí.

Afọlábí gbà á tọwọ́tẹsẹ̀. "Ọpẹ́, àlejò pàtàkì dé o!"

Ọpẹ́ ìyàwó rẹ̀, tó pọnmọ, sáré jáde, ó kúnlẹ̀. "Ẹ káàbọ̀, ma. Ẹ jókòó, n ó yára dín dòdò."

"Má wulẹ̀ ṣe wàhálà, mi ò ní pẹ́."

"Háà, ma! Kí ẹ wá sílé wa lẹ́ẹ̀kíní, kí ẹ lọ láìfẹnu kan nǹkan? Kí ni wọ́n máa ní mo jẹ́?" Ó ti wọlé lọ.

Afọlábí mí kanlẹ̀. "Màdáàmù, Alájì yẹn ló tàn wá jẹ bí sìlíńdà náà bá ní àléébù. Ẹni tí a ní kó fẹ́ni lójú, ata ló fi sẹ́nu. Àmọ́ kí n sọ tòótọ́, Màmá ti ń gbàgbé nǹkan tipẹ́. Wọ́n lè fi ìkòkò sórí iná kí wọ́n sùn lọ."

"Irú sìlíńdà kan náà ni gbogbo ẹgbẹ́ gbà?"

"Gbogbo wa pátá. Èmi gan-an gba tèmi. Kò sí ojúsàájú nínú ẹgbẹ́ wa."

Ṣọládé ní òun fẹ́ fọ ọwọ́. Ó wọ kíṣínì. Ọpẹ́ ń kọrin lábẹ́lẹ̀, epo ń ta pàrà, dòdò ń pọ́n. Sìlíńdà pupa inú ọ̀rá jókòó lábẹ́ sítóòfù, iná rẹ̀ búlúù minimini. Ṣọládé fọ ọwọ́ rẹ̀ pẹ́, ó padà wá jókòó, ó jẹ dòdò náà tán. Ó dùn. Dídùn rẹ̀ ló dùn ún jù.

Nígbà tó jáde, ó rántí pọ́tì ìdí sìlíńdà, kò sì lọ jìnnà. Òpópónà kejì ni ṣẹ́ẹ̀dì panẹ́lì-bítà kan wà tí wọ́n ń pè ní Fàlílù. Ọ̀dà pupa gbẹ sí ara ògiri rẹ̀, bẹ́ẹ̀ kò sí mọ́tò pupa kankan níbẹ̀.

"Kí lo fi ọ̀dà yìí kùn?"

Fàlílù wo aṣọ ọlọ́pàá tó wọ̀, ó wo ìlẹ̀kùn. "Ma?"

"Fàlílù, aboyún ló kú. Bí o bá purọ́ fún mi, ìwọ àti ẹni tó bẹ̀ ẹ́ níṣẹ́ lẹ jọ ń lọ."

Ọkùnrin náà jókòó sórí táyà. "Yéè, mo gbé! Ó ní wọn ò ní rọ gáàsì sí i ni, ma! Ó ní àwọn tó ń gé e fi ṣe ààrò ẹran sísun ló fẹ́ tà á fún. Mo ní ààrò kẹ̀, kí ló dé tí ó fi yẹ kó máa dán? Ó ní kí n gba owó mi kí n dákẹ́." Ó sunkún bí ọmọdé. Ó sì dárúkọ.

Ọ̀sán ọjọ́ kẹta ni mọ́tò Ìsẹ́yìn dé sẹ́nu géètì Dámiláre. Awakọ̀ ti ń di ẹrù Màmá sí ẹ̀yìn. Inú ọgbà kún, nítorí Ṣọládé ti ní kí gbogbo ọmọ ẹgbẹ́ tó ń gbé nítòsí gbé sìlíńdà wọn wá. Ó ní kí Afọlábí náà gbé tirẹ̀ wá, Afọlábí sì gbé e dé, ó ń rẹ́rìn-ín músẹ́. Alájì Waliyullah dúró sí ẹ̀gbẹ́ kan, ó ká ọwọ́ mọ́ àyà.

Ṣọládé po ọṣẹ nínú báàkẹ́ẹ̀tì títí ó fi hó kùù. Ó ya ọ̀rá kúrò lára sìlíńdà àkọ́kọ́, ó fi kànìnkànìn pa ìdí rẹ̀ lọ́ṣẹ. Kò sí nǹkan kan. Ó ṣe èkejì. Gbogbo wọn tẹjú mọ́ ọn. Ìfóòfó kan yọ níbi tí wọ́n ti jó irin, ó wú, ó bẹ́, òmíràn tún yọ.

"Ó ń jò!" ni obìnrin tó ni ín ké, ó gbá ọmọ rẹ̀ mọ́ra. "Yéè! Èyí tí mo fi ń se ẹ̀kọ fọ́mọ!"

Ṣọládé ń ya ọ̀rá, ó ń pa ọṣẹ. Òmíràn mọ́ tónítóní, òmíràn ń hó nídìí. Nígbà tó fi máa dé ìparí, ìdajì ló dára, ìdajì jẹ́ ikú.

"Màmá," ó yíjú sí ìyá tó jókòó sórí àpótí, "ẹ pa sítóòfù yẹn. Ìdí sìlíńdà ni gáàsì ti jáde. Kì í ṣe ẹ̀yin lẹ pa á."

Ìyá wò ó bí ẹni tí kò gbọ́ èdè tó ń sọ.

"Mo sọ ọ́!" ni Afọlábí ké. "Mo ní Alájì yìí ló pa wá!"

"Bó bá jẹ́ Alájì ni," ni Ṣọládé dáhùn, "gbogbo rẹ̀ ni ì bá jẹ́ àlòkù, àbí kí gbogbo rẹ̀ dára. Ẹni tó fi tuntun dàpọ̀ mọ́ àlòkù, ẹni tó ní tuntun lọ́wọ́ ni, tó yọ ìdajì rẹ̀ tà, tó wá fi ìdajì àlòkù dí àyè rẹ̀. Ẹ̀yìn ìgbà tí ọkọ̀ kúrò ní Ṣàngó ni. Ta ni kọ́kọ́rọ́ yàrá ẹgbẹ́ wà lọ́wọ́ rẹ̀?"

Orí gbogbo wọn ń yí sí ibì kan.

"Síbẹ̀, kọ́kọ́rọ́ kọ́ ló tú àṣírí. Mo rin gbogbo Ìjòkò. Sìlíńdà gbogbo yín ló wà níta. Ẹni tí tirẹ̀ dára, ẹni tí tirẹ̀ ò dára, gbogbo yín lẹ̀rù ń bà, torí kò sẹ́ni tó mọ èwo nikú wà nínú ẹ̀. Ilé ẹyọ kan ṣoṣo ni wọ́n ti fi sìlíńdà ẹgbẹ́ dín dòdò fún mi, tí ìyàwó ń kọrin nídìí ẹ̀, tí ọkọ rẹ̀ sì jókòó ní pálọ̀, ara rẹ̀ balẹ̀ pẹ̀sẹ̀. Ọpẹ́ ò mọ nǹkan kan. Ó ń ṣe àlejò bí ìyá rẹ̀ ṣe kọ́ ọ ni. Ṣùgbọ́n ìwọ, Afọlábí, abiyamọ wà nílé rẹ. Bí o ò bá mọ̀ dájú pé tìrẹ dára, o ò ní jẹ́ kó súnmọ́ ọn. Kí ló jẹ́ kó dá ọ lójú tó bẹ́ẹ̀, nígbà tí kò dá ẹnikẹ́ni lójú?"

Ó ju ọwọ́. Ọlọ́pàá kan mú Fàlílù wọlé. Fàlílù ò tiẹ̀ dúró kí wọ́n bi í léèrè, ó na ìka. "Òun ni. Mo bi í pé kí ló dé tó fi yẹ kó máa dán."

Afọlábí dọ̀bálẹ̀ gbalaja níwájú Màmá, ó di ẹsẹ̀ rẹ̀ méjèèjì mú.

"Mi ò mọ̀ pé ó lè bú, Màmá! Mo rò pé á kàn máa jò díẹ̀díẹ̀, wọn á gbé e padà wá, a ó sì ní ká pààrọ̀ ẹ̀!"

Dámiláre ti dìde. Ohùn rẹ̀ ò le, ó kàn ń béèrè. "Bọ̀dá, ẹ mọ̀ pé ó ń jò, ẹ wá fún Abísọ́lá?"

"Mi ò fún un! Ọlọ́run gbọ́, Dámiláre, mo ya ti yín sọ́tọ̀! Tuntun ni mo yà sọ́tọ̀ fún yín, ó wà nínú yàrá. Àmọ́ ó dé kí n tó pè é, ó ti gbé ọ̀kan lórí ìlà. Mo ní, 'Ìyàwó, dúró, tìẹ wà nínú ilé.' Ó ní rárá, òun ò fẹ́ kí wọ́n ní torí a jẹ́ ẹbí la ṣe yan tòun. Èrò ti tò sẹ́yìn rẹ̀. Wọ́n ń wò mí. Kí ni mo fẹ́ sọ? Kí ni mo fẹ́ sọ lójú gbogbo wọn?"

"Èyí tí ẹ yà sọ́tọ̀ fún wa ńkọ́?" ni Dámiláre béèrè.

Afọlábí gbójú sókè wo sìlíńdà tó gbé wá láti ilé rẹ̀, ó tún dojú bolẹ̀. Ọpẹ́ tó tẹ̀ lé e wá pariwo, ó fi ọwọ́ bo ẹnu. Dámiláre padà jókòó, ó kàn jókòó lọ bẹ́ẹ̀.

Bí àṣà wa, wọn ò jẹ́ kí ọ̀rọ̀ tutù. Bàbá onílé dìde, àwọn àgbà ẹgbẹ́ dìde tẹ̀ lé e. "Màdáàmù, ẹ jọ̀ọ́," ni bàbá náà bẹ̀rẹ̀, "ọ̀rọ̀ ẹbí ni. Ẹni tó kú ò lè padà mọ́. Bí Màmá bá ti ní àwọn gbà, ẹ fi ti Ọlọ́run ṣe é, ká yanjú ẹ̀ nílé."

Gbogbo ojú yí sí ìyá arúgbó. Ṣọládé mọ ohun tó kàn. Ó ti rí i tó, ó ti gbọ́ ọ tó, ó ti ń múra ìbínú rẹ̀ sílẹ̀.

Ìyá sọ̀rọ̀ wẹ́rẹ́. "Ọmọ mi, ṣé kò ṣeé ṣe kí ẹ jẹ́ kó wà bó ṣe wà tẹ́lẹ̀? Kó jẹ́ èmi ni mo gbàgbé. Mo ti darúgbó, mo lè rù ú."

"Kò ṣeé ṣe, Màmá," ni Ṣọládé wí. Ìbínú tó ti múra sílẹ̀ ti tú dànù. "Ìdajì sìlíńdà tó wà nílẹ̀ yìí ṣì lè pa èèyàn. Bó bá wà bẹ́ẹ̀, á tún ṣe é lọ́dún tó ń bọ̀."

Ìyá mi orí. Ó bẹ̀rẹ̀, ó wo ẹni tó di ẹsẹ̀ rẹ̀ mú, ó fi oríkì rẹ̀ pè é.

"Àjàní."

"Màmá mi."

"Gbogbo bí mo ṣe ń ké pé èmi ni mo pa á, ẹ̀gbẹ́ mi lo wà."

"Màmá, ẹ forí jì mí."

"O ń fún mi lómi. O gbọ́ ọ. Mo tiẹ̀ sọ fún ọ pé mo rí i lójú mi pé mo pa sítóòfù yẹn, o ní ìgbàgbé ni. Mo gbà ọ́ gbọ́ ju ojú ara mi lọ."

Afọlábí ń sunkún. Ìyá yọ ẹsẹ̀ kan kúrò lọ́wọ́ rẹ̀, ó yọ èkejì.

"Ẹ máa mú un lọ," ló wí.

Obìnrin tí sìlíńdà rẹ̀ ń jò súnmọ́ ọn, ó fi ọwọ́ kàn án léjìká. "Màmá, ẹ dúpẹ́ lọ́wọ́ Màdáàmù. Wọ́n ti gbà yín sílẹ̀. Wọ́n ti yọ yín nínú ẹ̀bi."

Ìyá wo Ṣọládé lójú. Ojú náà gbẹ.

"Nígbà tí ẹ̀bi wà lọ́rùn mi," ló wí, "ọmọ méjì ni mo ní. Kí ni mo fẹ́ dúpẹ́ lé lórí?"

Ṣọládé mú Afọlábí lápá, ó gbé e dìde, ó sì ní kí wọ́n máa lọ.